Habeebah Ọmọ Ẹlẹ́ní Lọ Wo Ẹní Òkun

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi ta kìtì, ó tún ta kìtì, ó dé etí odò ní Woolwich, kò dúró de ọkọ̀; ó bẹ́ sómi, jàbú! Ó rì títí, ó wá léfòó ní òkun ọ̀nà jíjìn, níbi tí omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Kò dá lórí ọba, kò dá lórí olorì. Ó dá lórí Habeebah ọmọ Ẹlẹ́ní, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Thamesmead wa níbí.

Ẹ sún mọ́ra. Támilórè, yọ nǹkan létí kó o lè gbọ́ mi.

Kì í ṣe ìgbà tí igi ń sọ̀rọ̀ tí òkúta ń rìn ni o. Ìgbà tiwa yìí náà ni. Láàárọ̀, kí àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú adágún Birchmere Park tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ wọn, Habeebah ti wà lórí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Iṣẹ́ kéà ló ń ṣe. Yóò wẹ bàbá yìí, yóò fún ìyá tọ̀hún lóògùn, yóò po tíì fún ẹlòmíràn: tíì tí kò ní ṣúgà, tíì tí ṣúgà pọ̀ jù, tíì tí wọn kò ní mu, tí wọ́n kàn fẹ́ kó máa gbóná lọ́wọ́ wọn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, ó ti lo ọdún márùn-ún nílùú yìí, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọlé ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Apẹja ni bàbá rẹ̀, ní ìlú kékeré kan létí òkun, lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí Habeebah kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ, bàbá yìí ti òkun dé láìkó ẹja kankan, ẹnu rẹ̀ kò sì pàdé. Ó ní òun rí ẹja kan tó fẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ń tẹ́ fún ìrun Jímọ̀. Ó ní ó fò jáde nínú omi, ó na apá méjèèjì bí igún, inú rẹ̀ funfun báláú, ìrù rẹ̀ rí bí pàṣán. Ó ní ó dúró lójú òfurufú títí òun fi rí àyè wí "Bísímílà", kó tó padà balẹ̀ sómi, gbàà, tí ọkọ̀ òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé.

Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ibà ti dá ẹnìkejì rẹ̀ dúró sílé lọ́jọ́ náà.

Àwọn ará ìlú bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan bi í bóyá ẹja náà gbé ìrọ̀rí dání. Ẹlòmíràn bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun pa á wá, ẹní ilé òun ti gbó. Kó tó di ọ̀sán, orúkọ ti yí padà lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Nurain láàárọ̀ ti di Bàbá Ẹlẹ́ní lọ́sàn-án, àwọn ọmọdé sì ti ní orin:

Ẹlẹ́ní, bá wa tẹ́ní —
Ẹní òkun!
Ta lẹ jọ rí i? —
Ẹní òkun!
Èmi nìkan ni —
Ẹní òkun!

Bàbá náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Habeebah, tó máa ń bá a tú àwọ̀n nírọ̀lẹ́, ṣàkíyèsí ohun kan. Láti ọjọ́ náà, bàbá òun kò sọ ohun tó bá rí lókun fún ẹnikẹ́ni mọ́. Yóò dé, yóò já ẹja sílẹ̀, yóò wẹwọ́, yóò jẹun. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, ó di ti ojú rẹ̀ nìkan.

Nígbà tó kú, àwọn tó wá kí wọn ṣì ń sọ ọ́ lábẹ́ ìbòòji pé Ẹlẹ́ní lọ, irọ́ dídùn parí. Ọjọ́ náà ni Habeebah ká ọwọ́ méjèèjì lérí, tó ké. Kò ṣe é rí ṣáájú, kò sì ṣe é mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn sápò, a máa padà wá mú un.

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó tó ń tọ́jú ni Màmá Joan, òyìnbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí fèrèsé ilé rẹ̀ kọjú sí adágún Birchmere. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kò tíì kọ̀. Lọ́jọ́ kan, Habeebah ń nu eruku ara àwòrán tó wà lára ògiri, ni àkísà bá dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja kan ló wà nínú àwòrán náà. Ó fẹ̀ bí ẹní. Inú rẹ̀ funfun, ó ní apá méjì, ìrù rẹ̀ rí bí pàṣán.

Ó bèèrè pé kí ni èyí. Màmá Joan ní mánta ni, òun bá a lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí orúnkún òun ṣì jẹ́ ti òun.

"Mummy, ṣé ó wà láyé lóòótọ́?"

"Ta lo rò pé ó ya fọ́tò yẹn?" ni Màmá Joan wí. "Èmi náà ni."

Habeebah jókòó sétí ibùsùn. Tíì Màmá Joan tutù lọ́jọ́ náà títí ó fi di ohun tí òdòdó nìkan lè mu.

Ó ya àwòrán náà sínú fóònù, ó fi í ránṣẹ́ sí Nurain, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Nurain gbé e lọ bá àwọn àgbà apẹja lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn yẹn wò ó yíká, wọ́n dá a padà. Wọ́n ní lóde òní, fóònù lè ya erin tó wọ kóòtù. Wọ́n ní àwọn kò bèèrè àwòrán. Ohun tí àwọn bèèrè nígbà náà ni àwọn tún ń bèèrè báyìí: ta ló fojú rí i?

Habeebah gbọ́ ọ. Ó pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun ni yóò fojú rí i. Kò ní jẹ́ kí orúkọ bàbá òun jẹ́ irọ́ títí ayé.

Màmá Joan ló júwe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn tí wọ́n sì ń mí lábẹ́ omi. Olùkọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni Káyọ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí Woolwich, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà tí "ẹ" ń gbà wọlé. "Auntie, ṣé o ready?" ló kọ́kọ́ fi kí Habeebah. Habeebah wò ó bí ẹni wo ọmọ tó fi bàtà gun orí ẹní. Nígbà tó yá, ó dárí jì í, nítorí ọmọ náà ní sùúrù, kì í sì í fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi kò jẹ́ ìṣòro. Ọmọ etí òkun ti mọ ìlúwẹ̀ẹ́ kó tó pa eyín dà. Wọ́n wọ aṣọ rọ́bà fún un tó bo ara rẹ̀ láti ọrùn dé kókósẹ̀, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ìborí tó fún mọ́ orí lé e. Wọ́n gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ọ lẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn pọn ọmọ tó sanra. Wọ́n fi bàtà gbọọrọ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sí i lẹ́sẹ̀. Káyọ̀ ní òfin àkọ́kọ́ ni pé kó má ṣe pa èémí mọ́. Habeebah ní òun kò pa ẹnu mọ́ rí látọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò ní jẹ́ èémí ni òun yóò wá pa mọ́.

Nísàlẹ̀ omi, ọwọ́ ni ẹnu. Bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò àti ìka àkọ́kọ́ ṣe òrùka, ó ń wí pé dáadáa ni òun wà. Habeebah kọ́ ọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibi tí wàhálà ti dé ni ìgbà tí Káyọ̀ ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe tí ọkọ̀ bá wà lókèèrè, tí ẹni inú ọkọ̀ kò lè rí ìka.

"Put your hand on your head, Auntie. Báyìí. It means o wà okay."

Ó gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀. Habeebah sáré di ọwọ́ náà mú.

"Káyọ̀, sọ ọwọ́ ẹ kalẹ̀ lórí. Ṣé màmá ẹ ti kú ni?"

"Mummy mi? Ó wà ní Woolwich, ó lọ ra ata."

"Sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé."

Ó wá ṣàlàyé fún un pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń káwọ́ lérí, pé ọmọ tó bá ń fi í ṣeré nílé wa, ìgbájú ló máa gbà á kalẹ̀. Káyọ̀ ní gbogbo amòòkùn ayé ló ń ṣe é. Habeebah ní kí gbogbo ayé máa ṣe é lọ, òun ní ìyá láyé. Káyọ̀ fi í sílẹ̀. Inú odò ìlúwẹ̀ẹ́ abẹ́ òrùlé ni wọ́n wà, ìka tó láti fi sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ ṣe ìdánwò ní adágún kan lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù, omi náà tutù débi pé kò sẹ́ni tó rántí pé òun ní orí. Habeebah gba káàdì rẹ̀.

Ọdún méjì ló fi to ọjọ́ ìsinmi jọ. Nígbà tí Káyọ̀ wá ń kó èèyàn mẹ́fà lọ sí òkun àwọn ará Maldives, Habeebah ni ẹnì keje. Ọkọ̀ òfurufú ńlá gbé wọn, ọkọ̀ òfurufú kékeré tó ń bà sórí omi tún gbé wọn, kí ọkọ̀ ojú omi tó wá gbé wọn dé erékùṣù kan tó kéré débi pé, tó o bá gbé ìrẹsì kaná, wàá rìn yí i ká kó tó jinná. Ìrun ni wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Ara Habeebah balẹ̀ bí ẹni tó dé ilé àna tó fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ níbẹ̀ jẹ́ bàbá àgbà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, tó ń jẹ́ Ibrahim. Habeebah sálámà sí i, bàbá náà dáhùn, kó sì tó di ọ̀sán, ó ti di Bàbá Ìbúráhíìmù.

Ìjàpá òkun ni wọ́n kọ́kọ́ lọ wò. Àwọn ẹja tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn ìyàwó, wọ́n sì ń ṣan kọjá lójú Habeebah bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó wá rí i lórí pápá koríko inú omi: orí pípá, ọrùn híhunjọ, ẹnu tó ń jẹ láìwo ẹnikẹ́ni. Ìjàpá ni, kò sí àní-àní. Ẹni tí àwọn àgbà ní ó já bọ́ láti òfurufú tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́ sí wẹ́wẹ́, kò sọ fún wa pé òun ti rí ìyẹ́ míràn gbà lábẹ́ omi. Ó jẹun tán, ó ju apá, ó fò kọjá lórí Habeebah wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kí i. Ẹ̀rín pa Habeebah débi pé omi wọ inú gọ́gù tó fi bo ojú.

Òun àti Káyọ̀ ló jọ jáde sókè. Omi ti gbé wọn jìnnà sí ọkọ̀ díẹ̀. Bàbá Ìbúráhíìmù dìde dúró lórí ọkọ̀, ó ń wò wọ́n. Káyọ̀ gbé ọwọ́ lé orí. Habeebah kò jẹ́ gbé e. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí bàbá àgbà rò pé òun kò kí i. Ó wá ṣe ohun tó máa ń ṣe fún àwọn èèyàn nígbàkigbà tó bá wà lórí Woolwich Ferry: ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jù ú fàì-fàì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lédè àwọn amòòkùn. Ẹni tó bá ń ju ọwọ́ lórí omi, "Ẹ gbà mí, mo ń kú lọ" ló ń wí.

Ọkọ̀ kígbe, ó sá wá. Wọ́n ju okùn, wọ́n ju táyà, ọmọkùnrin méjì bẹ́ sómi. Wọ́n fa Habeebah wọnú ọkọ̀ bí ẹja àrọ̀, wọ́n sì fi ìbomú afẹ́fẹ́ dé e lẹ́nu. Bó bá ti fẹ́ wí pé kò sí ohun tó ṣe òun, ìbomú náà yóò gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Káyọ̀ ṣì wà nínú omi pẹ̀lú ọwọ́ lórí, ó ń wò bọ̀ọ̀. Bàbá Ìbúráhíìmù bú u dáadáa. Ó ní irú ọ̀rẹ́ wo nìyí, ẹnìkejì rẹ̀ ń rì, òun ń wí pé àlàáfíà ni.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n pe gbogbo àwọn tó kù jáde nínú omi láìtíì rí ìjàpá kankan. Nígbà tí Habeebah ń tọrọ àforíjì, wọ́n ní kò sí ohun tó burú rárá, lọ́nà tí òyìnbó fi ń sọ ọ́ nígbà tí ohun gbogbo bá ti burú.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Bàbá Ìbúráhíìmù pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò bínú mọ́.

"Ọmọ mi, ojú mi ti dàgbà," ló wí ní èdè òyìnbó. "Láti òkèèrè, orí àti ọwọ́ nìkan ni mo lè kà. Lọ́la, omi ibi tí a ń lọ le ju tòní lọ. Ẹni tí kò bá ní fi ọwọ́ dá mi lóhùn, mi ò lè gbé e lọ."

Àpáta àwọn mánta ni wọ́n ń lọ lọ́la. Ọjọ́ kejì rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ń gbé wọn padà sílé. Bí Habeebah kò bá lọ lọ́la, ó parí nìyẹn.

Káyọ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó jókòó tì í lórí iyanrìn, ó ní, "Auntie, it's just a hand."

"Ọwọ́ kọ́, Káyọ̀. Ìyá mi ni."

Káyọ̀ fi ìka fa ilà sórí iyanrìn. Ó wá ní, "Ṣé ẹ ti bi í?" Habeebah yí ojú sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí "ẹ" wọlé tí ẹnikẹ́ni kò tì í. Nítorí "ẹ" yẹn nìkan, ó mú fóònù.

Oòrùn ń wọ̀ ní erékùṣù, ṣùgbọ́n ọ̀sán ṣì ni nílé. Ìyá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, Nurain bá a di fóònù mú. Habeebah ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó fi ìjàpá kún un, ó fi ìborí àti ìbomú kún un. Ìyá náà gbọ́ ọ tán.

"Ọwọ́ mélòó ni wọ́n ní kó o gbé lérí?"

"Ọ̀kan ni, Ìyá."

"Ọ̀kan péré?"

"Ọ̀kan."

Ẹ̀rín mú ìyá arúgbó náà títí ó fi di ikọ́. Nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ là, ó ní, "Habeebah, nígbà tí mo ń ru ẹja lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọwọ́ mélòó ni mo fi ń di agbọ̀n mú?"

Habeebah rí i lójú ara rẹ̀: ọ̀nà iyanrìn, òṣùká aláwọ̀ búlúù, agbọ̀n ẹja, ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ lókè, ọwọ́ òsì tó ń jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọ̀kan," ló wí.

"Ọwọ́ méjì ni ọ̀fọ̀. Ọwọ́ kan, ẹrù ni. Ẹni tó bá rí ọwọ́ kan lórí mi látòkèèrè, ó ti mọ̀ pé mi ò ṣófo bọ̀. Ìborí ẹ yẹn, òṣùká ni. Lọ ru tìẹ wá."

Habeebah rò pé ó parí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí Nurain gbé fóònù kúrò. Ó fi ìka tú ẹ̀wà díẹ̀, ó wá sọ ohun tí kò sọ rí. Ó ní òun náà kò gba bàbá wọn gbọ́. Àwọn ará ìta ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà, òun ń rẹ́rìn-ín tòun nínú yàrá.

"Bá mi wò ó," ni ìyá náà wí. "Bá mi wò ó dáadáa."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Habeebah lọ bá Bàbá Ìbúráhíìmù kí wọ́n tó kó àgbá sínú ọkọ̀. Ó sọ fún un pé òun yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún lérí, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ẹrù ni òun ń dì mú. Bàbá náà ro ọ̀rọ̀ náà wò, ó ní bó bá jẹ́ pé ẹrù ni, òun yóò retí rẹ̀.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Káyọ̀ fi ọwọ́ sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n kúnlẹ̀ lórí iyanrìn lẹ́bàá àpáta, kí wọ́n má lépa ohunkóhun. Àwọn òyìnbó ń ṣubú sọ́tùn-ún, wọ́n ń ṣubú sósì. Habeebah kúnlẹ̀ bí ẹni tó ń kí bàbá rẹ̀ kú àárọ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ níyẹn. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ kan ń gbé ibi àpáta náà, iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣa ìdọ̀tí kúrò lára ẹja ńlá tó bá yà síbẹ̀. Habeebah wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀, ó mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ kéà làwọn náà ń ṣe.

Wọ́n dúró. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n tún dúró. Afẹ́fẹ́ inú àgbá ń dínkù, ọkàn Habeebah sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ìyá rẹ̀.

Òjìji kan ṣú níwájú, níbi tí omi ti di aró. Ó fẹ̀. Ó tún fẹ̀ sí i. Ẹní wá tẹ́ ara rẹ̀ jáde.

Kò yára, kò sì lọ́ra. Ó gbé apá sókè, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi sì ń gbé e bí ẹni pé omi náà ni iṣẹ́ ń ṣe. Ó wá sórí àpáta, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ dìde bá a, ó dúró kí wọ́n wẹ òun bí àwọn arúgbó Thamesmead ṣe máa ń dúró. Lẹ́yìn náà, ó yí sọ́dọ̀ Habeebah. Ó kọjá lókè orí rẹ̀, ó sì bo oòrùn mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ funfun báláú pẹ̀lú àmì dúdú bíi mélòó kan, bí ibi tí iná bá ta sí lára ẹní. Ìrù rẹ̀ tẹ̀ lé e, tín-ín-rín, bíi pàṣán. Gbogbo rẹ̀ ló pé. Kò sí èyí tí bàbá rẹ̀ fi kún un, kò sí èyí tó yọ.

Méjì míràn tẹ̀ lé e. Káyọ̀ di kámẹ́rà mú, ó ń ká ẹja àti Habeebah pọ̀ sínú fídíò kan náà. Habeebah kò mòòkùn lépa wọn, kò na ọwọ́. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń mí, ó sì ń fọkàn wí fún bàbá rẹ̀ pé ẹ kú àárọ̀, ẹ kú àárọ̀, mo ti rí i.

Nígbà tí wọ́n jáde, omi ti gbé wọn lọ jìnnà ju ti àná lọ. Ìgbì ga díẹ̀. Lókèèrè, Bàbá Ìbúráhíìmù fi ọwọ́ bojú nítorí oòrùn, ó ń wò.

Habeebah na ọrùn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún, ó fi lé orí ìborí rẹ̀ gan-an níbi tí agbọ̀n máa ń jókòó sí. Ó dì í mú dáadáa. Lórí ọkọ̀, bàbá àgbà náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ lérí, ó dá a lóhùn.

Bó ṣe gun ọkọ̀ tán, Bàbá Ìbúráhíìmù na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ báni sọ ẹrù. "Ẹrù dà?"

Habeebah jókòó, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀: bàbá rẹ̀, ọkọ̀, ẹní òkun tó fò, orin àwọn ọmọdé, gbogbo rẹ̀. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Káyọ̀ tan kámẹ́rà. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó kọjú sí i.

"Ẹ̀yin àgbà apẹja, mo kí yín," ló wí. "Láti kékeré ni mo ti ń pẹja. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti rí i tó fò jáde nínú omi, èmi nìkan ni mo sì wà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀. Bàbá obìnrin yìí kò purọ́."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Nurain gbé fídíò náà lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbúráhíìmù bó ṣe ń lọ. Wọ́n rí Habeebah tó kúnlẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí ẹní tó tẹ́ lókè orí rẹ̀. Wọ́n ní kí Nurain dá a padà sẹ́yìn, wọ́n tún wò ó, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, ẹni tí ibà dá dúró sílé lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́ní dá lọ sókun, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Àṣé Ẹlẹ́ní rí i." Ó wá bú ibà náà, lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ìyá Habeebah kò lọ síbi kankan lọ́jọ́ kejì. Ó tẹ́ ẹní tó tóbi jù nínú ilé síwájú ìta gbangba, ó jókòó sáàárín rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè bi í léèrè. Wọ́n bi í. Àwọn ọmọdé sì ti tún orin dá:

Ẹlẹ́ní, bá wa tẹ́ní —
Ẹní òkun!
Ta ló tún rí i? —
Ẹní òkun!
Habeebah tèmi ni —
Ẹní òkun!

Habeebah padà sí Thamesmead. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wà lórí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan. Nígbà tó dé etí adágún Birchmere, ó rí Màmá Joan lójú fèrèsé lódìkejì omi, níbi tó ti ń retí tíì àti ìròyìn. Ó jìnnà, ohùn kò lè dé ibẹ̀, àní ohùn Habeebah pàápàá. Habeebah dúró láàárín àwọn pẹ́pẹ́yẹ, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lérí. Màmá Joan, amòòkùn àtijọ́, kò nílò olùtumọ̀. Díẹ̀díẹ̀, nítorí èjìká tó ń dùn ún, ọwọ́ tirẹ̀ náà gòkè, ó sì jókòó sórí irun funfun.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn o, tí ẹ bá rí Auntie Habeebah lójú pópó tó fọwọ́ kan lérí tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ má sáré pe dókítà. Kò ṣófo bọ̀ ni.

Ó yá. Kí n tó pa iná, kí ẹni tó bá wà ní àlàáfíà gbé ọwọ́ ọ̀tún lérí kí n rí i láti ibí. Ọwọ́ kan ni mo wí, Moráyọ̀. Sọ èkejì kalẹ̀, ìyá ẹ wà ní ilé ìdáná, ó ń gbọ́ wa. Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ru oorun yín lọ sórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, ẹ dì í mú dáadáa, kó má baà já bọ́ lójú ọ̀nà.